Fèrèsé Tó Kọjú sí Odò Tejo

Barreiro, ọjọ́ kẹrin oṣù Keje, 2018

Ẹ̀gbọ́n mi Deolinda,

Mi ò gbé ilé wa ní Alfama mọ́. Ó ti pé ọdún mẹ́rin.

Mo kọ ọ́ sókè yìí kí n tó kí yín, nítorí mo mọ ara mi. Bí mo bá kọ́kọ́ kí yín, tí mo béèrè ẹ̀yìn tó ń dun Lídio ọkọ yín, tí mo béèrè àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìwé á kún, màá sì tún ní ó di ìgbà mìíràn. Lẹ́tà mọ́kànlá ni mo ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èrò pé inú rẹ̀ ni màá ti sọ ọ́. Ojú ọjọ́ àti iye owó ẹja ni mo ń sọ nínú gbogbo wọn.

Ó dáa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú iṣẹ́ ilé. Ṣé ẹ̀yìn Lídio ti rọlẹ̀ díẹ̀?

Onílé ta ilé náà ní oṣù Kejì ọdún 2014. Àwọn tó rà á fún gbogbo wa ní oṣù mẹ́fà láti kó jáde. Ilé àwọn àlejò ni wọ́n sọ ọ́ dà, àwọn tó ń sùn níbẹ̀ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, tí wọ́n ń wọ́ àpótí onítáyà gba orí òkúta títì wa kọjá bí ẹni ń fa páànù. Èmi fi Lisboa sílẹ̀ wá sí òdìkejì odò, sí Barreiro. Àjà kẹrin ni mo wà. Fèrèsé mi kọjú sí ibi tí wọ́n ń kó ọkọ̀ ojú irin tó ti kú sí. Lẹ́tà yín ṣì ń lọ sí ojúlé wa àtijọ́ ní Beco do Alguidar, Dona Etelvina tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ òpópónà náà ló ń gbà á, mo sì ń lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo kọ ọ́ sí yín ní oṣù Kejìlá pé, "Bí mo ṣe jókòó sẹ́nu fèrèsé yìí, ọkọ̀ ojú omi funfun kan ń wọlé," ọkọ̀ ojú irin tí kò ní táyà ni mò ń wò.

Ẹ ó béèrè pé kí ló dé. Ó dà bíi pé mo mọ̀, ó sì dà bíi pé mi ò mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú. Ẹ ní ilé tó ní ọgbà níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ ní ọkọ, ẹ ní ọmọ méjì tó kàwé dópin. Èmi ka ìwé mẹ́wàá, mo jókòó ti Ìyá wa, nígbà tí Ìyá sì lọ, mo jókòó síbẹ̀. Kò sí nǹkan kan láyé yìí tí mo ní tí ẹ̀yin ò ní, àfi fèrèsé yẹn. Ní ìparí gbogbo lẹ́tà yín, ẹ máa ń kọ ọ́ pé, "O ṣe oríire, ìwọ tí ò ń jí rí Tejo." Gbólóhùn kan yìí ni mo máa ń dúró dè. Ìparí lẹ́tà ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí, màá kà á, ara mi á wálẹ̀, kí n tó padà sókè wá ka ìròyìn yín. Bí mo bá sọ fún yín pé fèrèsé ti lọ, kí ni ẹ ó tún máa ṣe ìlara rẹ̀ lára mi?

Nísinsìnyí ẹ ní ẹ ń bọ̀. Lẹ́tà oṣù Kẹfà yín sọ ọ́ pé ọkọ̀ ìgbafẹ́ ńlá kan máa gbé yín láti èbúté wa lọ sí Madeira àti àwọn erékùṣù Canárias, pé ọjọ́ kan péré ni ẹ ní kí ọkọ̀ tó ṣí, àti pé ẹsẹ̀ lẹ ó fi rin ìlú. Mi ò ní purọ́: inú mi kọ́kọ́ bàjẹ́ kó tó dùn. Ẹ wá sin Ìyá, ọjọ́ mẹ́rin, ẹ ti padà. Láti ìgbà náà, ọdún mọ́kànlá, iṣẹ́ pọ̀, ọkọ̀ òfúrufú wọ́n. Wàyí o, ọkọ̀ ìgbafẹ́ pè yín, ẹ jẹ́ ẹ. Láti kékeré ni mo ti ń wo àwọn ọkọ̀ yẹn. Mi ò wọ ọkọ̀ ojú omi kankan rí ju èyí tó ń gbé wa kọjá sí ibi iṣẹ́ lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má mú àwọn ọ̀rẹ́ yín lọ sí Beco do Alguidar. Ẹ jẹ́ ká pàdé níbòmíràn, ibikíbi. Mò bá bá yín sọ ọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n lórí fóònù ẹ máa ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Ẹ fèsì kíákíá.

Àbúrò yín,
Zulmira


Toronto, ọjọ́ kẹfà oṣù Keje, 2018

Zulmira àbúrò mi,

Ṣé o wà dáadáa? Ṣé orókùn rẹ kò yọ ọ́ lẹ́nu mọ́? Èmi wà, Lídio wà, ó kàn ń kùn ni. Ó ní kí ni obìnrin tó ní ilé ń wá lórí omi.

A ti san ohun gbogbo tán. Àwa mẹ́rin la ń bọ̀: Natércia tí o mọ̀ nínú fọ́tò ṣọ́ọ̀ṣì wa, Graciete, àti Odília. Opó méjì, ẹnìkan tí ọkọ rẹ̀ ń bẹ̀rù omi, àti èmi. Yàrá wa nínú ọkọ̀ ní bákónì tirẹ̀. Mo ra ṣòkòtò funfun méjì. Má rẹ́rìn-ín, ó bá mi mu.

Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹsàn-án la ó dé, a ó sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì kan lẹ́bàá ibùdó ọkọ̀ ojú irin Santa Apolónia. Lọ́jọ́ kejì, tí í ṣe Sátidé, a ó fẹsẹ̀ rin ìlú títí di aago mẹ́ta tí a gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀. Graciete ra ìwé kékeré kan tó kọ́ni bí a ṣe ń rìn ín: láti èbúté, lọ sí Sé, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú, gòkè lọ sí Portas do Sol tí wọ́n ti ń wo odò, títí dé orí òkè Graça, kí a sì sọ̀kalẹ̀. Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n pè é. Àwòrán àdúgbò wa wà nínú rẹ̀! Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí èèyàn jẹ́ kí ara rẹ̀ ṣìnà níbẹ̀. Mo ní, "Graciete, ibi tí wọ́n ti bí mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣìnà síbẹ̀?" Rìn ín fún wa ṣáájú, kí o sọ ibi tí àtẹ̀gùn ti pọ̀ jù, torí orókùn Natércia.

Ní aago mọ́kànlá géérégé, a ó wà lọ́dọ̀ rẹ. Kọfí ni a fẹ́ mu lẹ́nu fèrèsé. Tẹ́ aṣọ tábìlì Ìyá, èyí tó létí búlúù. Má ra àkàrà òyìnbó láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tà á fún àlejò, ìwọ náà mọ ibi tó dáa. Gbogbo ọdún tí mo ti ń sọ̀rọ̀ fèrèsé yẹn fún wọn! Graciete ní òun ò gbà pé ó rí bí mo ṣe ń sọ ọ́. Mo fẹ́ kí ojú tì í. Kí o palẹ̀ fèrèsé náà mọ́ dáadáa kí odò lè hàn. Àbí o ṣì ń sá aṣọ níbẹ̀?

O ṣe oríire, ìwọ tí ò ń jí rí Tejo.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Deolinda


Barreiro, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Keje, 2018

Ẹ̀gbọ́n mi,

Lẹ́tà yín dé ọwọ́ Dona Etelvina ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn tèmi lẹ kọ ọ́, ìyẹn ni pé ẹ ò tíì rí tèmi. Lẹ́tà méjèèjì ti kọjá lára wọn lókè òkun láì kíra wọn. Tèmi á ti wà lọ́wọ́ yín báyìí, nítorí náà mi ò ní tún un sọ.

Ṣùgbọ́n aago mọ́kànlá géérégé! Àṣé ilé kọfí ni mí. Ẹ ò béèrè bóyá mo fẹ́ gba àlejò, ẹ kàn pàṣẹ kọfí àti aṣọ tábìlì. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń ṣe láti kékeré: ẹ ó wọ kóòtù lọ sí ilé ìwé, ẹ ó sì ní kí n mú un dání fún yín nígbà tí oòrùn bá yọ. Mo kà á, inú bí mi. Mo tún un kà, inú mi dùn pé mo ṣì ní ohun tí ẹ fẹ́ fi yangàn. Lẹ́yìn náà mo rántí pé mi ò ní i. Irú èèyàn wo ni mí ná?

Ẹ béèrè bóyá mo ṣì ń sá aṣọ níbẹ̀. Mò ń sá a. Èyí ni ìdajì tí mi ò kọ sínú lẹ́tà àkọ́kọ́, ọwọ́ mi ló kọ̀. Èmi ni mò ń tọ́jú ilé náà fún àwọn tó rà á. Lọ́jọ́ Túsìdeè, Tọ́sìdeè àti Sátidé, mo máa ń ṣí ilẹ̀kùn ìyá mi pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ẹlòmíràn, màá bọ́ aṣọ orí ibùsùn àwọn tí mi ò mọ̀, màá fọ̀ ọ́, màá sá a sí fèrèsé wa, màá sì kó irun wọn kúrò nínú ihò omi. Ibi tí ibùsùn Ìyá wà ni wọ́n gbé àga gbọọrọ sí. Wọ́n ra fọ́tò alágbàfọ̀ kan kọ́ sára ògiri, ó tóbi tó ilẹ̀kùn. Alágbàfọ̀ bíi ti Ìyá ni, àmọ́ kì í ṣe Ìyá. A ò mọ obìnrin náà rí. Àwọn àlejò máa ń bi mí pé ṣé ìyá àgbà mi ni, mo sì ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni rí, lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ gbọ́ eléyìí kí ẹ tó bínú. Lọ́jọ́ Sátidé yín yẹn, àwọn tó wà níbẹ̀ á jáde ní aago mẹ́wàá, àwọn tó ń bọ̀ ò sì ní í dé kí aago mẹ́ta tó lù. Kí n tó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ sí yín, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń ronú pé mo lè gbé fọ́tò yẹn pamọ́ sẹ́yìn ibùsùn, kí n tẹ́ aṣọ tábìlì, kí n wọ bàtà inú ilé, kí ẹ wọlé, kí ẹ mu kọfí, kí ẹ jáde. Ẹ̀ bá lọ lórí omi yín, ẹ̀ bá máa jowú mi títí ayé. Mo tilẹ̀ ti ki aṣọ tábìlì bọ inú bàgì. Àmọ́ nígbà tí mo dé inú ọkọ̀ ojú omi, ó ṣe mí bíi kí n ju bàgì náà sómi. Ìgbà tí mo délé ni mo kọ̀wé sí yín.

Mo rin ìrìn yín, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Mo yá ìwé bíi ti Graciete lọ́wọ́ ọ̀gá wa, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti èbúté. Ó ti wọ̀ mí lára tipẹ́ láti sáré gun àtẹ̀gùn pẹ̀lú ẹrù aṣọ, mi ò wòkè. Lọ́jọ́ náà mo rọra rìn bíi tiyín. Ṣọ́ọ̀bù alátẹ tí a ti ń ra okùn bàtà ti di ibi tí wọ́n ti ń ta bàgì tí wọ́n fi èèpo igi rán. Gbogbo ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló ní àpótí irin kékeré tí kọ́kọ́rọ́ wà nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń kanlẹ̀kùn mọ́. Mo dé Portas do Sol, mo dúró níbi tí àwọn èèyàn ọkọ̀ ìgbafẹ́ máa ń dúró, mo wo odò náà pẹ̀lú wọn. Obìnrin kan na fóònù rẹ̀ sí mi pé kí n bá òun ya fọ́tò. "Ṣé ibí lẹ̀ ń gbé?" ló bi mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Oríire yín mà pọ̀ o."

Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà Dona Etelvina, ó jókòó síbi tó ti ń ta ọtí ṣẹ́rì ní ife kéékèèké fún àwọn tó ń lọ wọ ọkọ̀. Ó rí ìwé lọ́wọ́ mi.

"Zulmira! Ìwọ náà ti di àlejò? O wá ń fi ìwé wá ojúlé ìyá ẹ!"

"Ẹ rọra, Dona Etelvina. Ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń bá rìn ín wò."

"Èwo? Èyí tó wà ní Canada? Ṣó ti mọ̀?"

"Mo ti kọ̀wé sí i."

"Ọlọ́run ṣeun. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń gba lẹ́tà yẹn bí ẹni ń gba ẹrù olè. Ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà ti ń wò mí níwòkuwò." Ó bu ọtí fún mi. "Kí ló wá sọ?"

"Kò tíì sọ nǹkan kan."

"Á sọ̀rọ̀. Ọmọ yẹn, ẹnu rẹ̀ kì í gbé nǹkan. Ìwọ lẹni tó ń gbé e mì."

Ìrìn náà ju wákàtí mẹ́ta lọ. Ẹ sọ fún Natércia kó gba ọ̀nà São Miguel, àtẹ̀gùn tibẹ̀ kéré. Mò ń retí yín.

Zulmira


Barreiro, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹjọ, 2018

Deolinda, ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ ò fèsì. Lẹ́tà yín tẹ́lẹ̀ ò pẹ́ ju ọjọ́ mẹ́rìnlá lọ rí. Mo pè yín lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Lídio ló gbé e. Ó ní ẹ lọ sọ́jà. Mo gbọ́ ohùn yín lẹ́yìn rẹ̀: "Sọ pé mi ò sí." Ẹ ti gbàgbé pé a jọ sùn lórí ibùsùn kan fún ọdún mọ́kàndínlógún. Bí ẹ bá rọra sọ̀rọ̀ lábẹ́ odò, màá mọ̀ pé ẹ̀yin ni.

Ṣé torí pé mo purọ́ ni, àbí torí pé mò ń nu ilé onílé? Bí ó bá jẹ́ irọ́ ni, mo tọrọ gáfárà. Bí ó bá jẹ́ èkejì, ẹ rántí iṣẹ́ tí Ìyá ṣe tí ẹ fi rí owó ọkọ̀ lọ sí Canada.

Mo ní nǹkan kan tí mi ò fẹ́ fún yín rí, torí mo rò pé tèmi ni. Ẹ gbà á kí n lè sinmi. Ní ọ̀sẹ̀ tí Ìyá lò kẹ́yìn, kò mọ̀ mí mọ́. Bí mo bá ń wẹ̀ ẹ́, á di ọwọ́ mi mú, á ní, "Deolinda, o padà wá." Mo ń dá a lóhùn. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá, mo ti dé." Ọdún mọ́kàndínlógún tí mo fi jókòó tì í lẹ́yìn tí ẹ lọ, ẹ̀yin lẹ gbà á lọ́jọ́ ìkẹyìn. Ìlara yẹn ń ta mí títí di òní, bó ṣe rí nìyẹn.

Zulmira


Toronto, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹsàn-án, 2018

Zulmira,

Àdírẹ́sì Barreiro ni mo kọ sí ara èyí. Ojú tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́, kì í ṣe nítorí tìrẹ.

Mo ti mọ̀. Ó ti pé ọdún méjì.

Nígbà tí Natércia wá sí Lisboa ní ọdún 2016, mo ní kó ya fọ́tò fèrèsé wa wá fún mi. Ó dé, ó gbé e síwájú mi lórí tábìlì ìdáná. "Wo bí fèrèsé àbúrò rẹ ṣe mọ́ tónítóní!" Mo wò ó. Aṣọ ibùsùn funfun mẹ́rin, táwẹ̀lì funfun mẹ́jọ, gbogbo wọn dọ́gba. Kò sí ìbọ̀sẹ̀ kan. Kò sí aṣọ abẹ́, kò sí aṣọ ìdáná, kò sí aṣọ aláwọ̀ kankan. Ọmọ alágbàfọ̀ ni wá. O rántí Ìyá bó ṣe máa ń gbójú sókè wo okùn aṣọ àwọn èèyàn, tí á sọ ẹni tó lóyún, ẹni tí ọkọ rẹ̀ ti kó jáde, ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn. Ilé tí èèyàn ń gbé kì í sá kìkì funfun. Kí Natércia tó mu kọfí rẹ̀ tán, mo ti mọ̀ pé o ò sí níbẹ̀ mọ́.

Inú mi dùn, Zulmira. Jẹ́ kí n kọ ọ́ tán kí n tó ya ìwé yìí. Inú mi dùn fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Mo se ìrẹsì aládùn, Lídio ní kí la ń ṣe àjọyọ̀ rẹ̀. Ògiri gáráàjì aládùúgbò ni fèrèsé mi kọjú sí, yìnyín máa ń bò ó fún oṣù márùn-ún. Gbogbo ìgbà tí mo bá kọ ọ́ sí ọ pé o ṣe oríire, ńṣe ni mò ń payín keke. Mo máa ń ro ó pé èmi lọ ń ṣiṣẹ́ kára, ìwọ jókòó, o sì jogún odò. Ìwọ lo pa ojú Ìyá dé. Kí ló kù fún mi ju ọgbà tí mò ń ro lọ? Nígbà tí mo wá rí i pé wọ́n ti gba fèrèsé lọ́wọ́ rẹ, ó ṣe mí bíi pé a ti dọ́gba.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, mo fi gíláàsì ojú mi tún fọ́tò náà wò. Táwẹ̀lì méjì ń pín pẹ́ẹ̀gì kan lò. Etí aṣọ ibùsùn ṣẹ́ wọnú ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, kí afẹ́fẹ́ odò má baà nà án mọ́ fèrèsé aládùúgbò. Ta ló tún ń sá aṣọ bẹ́ẹ̀ láyé yìí? Àwa méjì péré ni Ìyá gbá lọ́wọ́ títí a fi mọ̀ ọ́n. Mo mọ ọwọ́ tó sá a. Ìgbà náà ni mo mọ ibi tí o wà àti ohun tí ò ń ṣe níbẹ̀, ìdùnnú náà sì kan lẹ́nu mi.

Síbẹ̀ mi ò sọ̀rọ̀. Ọdún méjì ni mo tún fi kọ ọ́ pé o ṣe oríire. Lẹ́tà oṣù Keje mi, kọfí, aago mọ́kànlá, "ṣé o ṣì ń sá aṣọ níbẹ̀", páńpẹ́ ni. Mo fẹ́ rí irọ́ tí o máa pa. Mi ò tíì mọ̀ pé o ti sọ òótọ́ kí n tó dẹ ẹ́ tán. Nígbà tí lẹ́tà rẹ dé, mo sá fún un bí ẹni ń sá fún agbowó orí.

Èyí tí o kọ nípa Ìyá, mi ò mọ bí mo ṣe máa gbà á. Ò bá má fún mi. O ṣeun.

Nísinsìnyí, gbọ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò mọ nǹkan kan. Natércia gan-an ò mọ ohun tó yà. Títí di àná ni Graciete ń bi mí léèrè fèrèsé. Mi ò lè kó wọn dé orí ọkọ̀ kí wọ́n máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án lójú omi. O ní kọ́kọ́rọ́. O ní ilé náà ṣófo láti aago mẹ́wàá. Tẹ́ aṣọ tábìlì náà, àbúrò mi. Wákàtí kan péré. Èmi àti ìwọ nìkan la máa mọ̀.

Deolinda


Lisboa, nínú ibùdó Santa Apolónia, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹsàn-án, 2018, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ kọjá díẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ káàbọ̀. Mo ti rí yín. Ẹ̀yin ò rí mi.

Aago márùn-ún ni mo dé iwájú hòtẹ́ẹ̀lì yín. Gíláàsì ni gbogbo iwájú rẹ̀. Ẹ jókòó láàárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ ń fi ọwọ́ júwe nǹkan ńlá kan. Mo mọ ohun tí ẹ ń júwe. Irun yín dúdú ju tèmi lọ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n. Ṣòkòtò funfun náà bá yín mu lóòótọ́. Ó dùn mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dúró láti rí yín, ohun tí ojú mi kọ́kọ́ lọ bá ni ṣòkòtò.

Ọkùnrin onírùngbọ̀n tó ń ṣí ilẹ̀kùn jáde tọ̀ mí wá.

"Màmá, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni àwọn tó ń kó aṣọ ń gbà."

"Ta ló sọ fún ẹ pé aṣọ ni mo wá kó?"

"Ẹ má bínú o. Mo rí yín pẹ̀lú ẹrù lórí àtẹ̀gùn lọ́jọ́ Túsìdeè."

"Aṣọ ni mò ń kó lọ́jọ́ Túsìdeè. Ẹ̀gbọ́n mi ni mo wá wò lónìí."

Ó yíjú wo inú gíláàsì, ó wo yín, ó wo bàtà mi. "Èwo nínú wọn ni?"

Mo yí padà, mo sì wá jókòó síbí. Òun náà ni màá fi lẹ́tà yìí lé lọ́wọ́ kí n tó lọ bá ọkọ̀ ojú omi mi.

Lẹ́tà yín dé lọ́jọ́ Wẹ́sídeè. Ọdún méjì, Deolinda! Mo ń dúró de gbólóhùn kan bí ẹni ń dúró de oúnjẹ, ẹ̀yin sì ti mọ̀ pé àwo òfìfo lẹ̀ ń gbé wá. Mo sunkún, kì í ṣe ẹkún ìbànújẹ́ nìkan. Ẹ sọ pé ẹ jowú mi. Kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún mi rí tó mọ ohun tó ń sọ. Inú mi dùn sí i débi pé mo tún ibẹ̀ kà ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ojú sì tì mí pé inú mi dùn. Bóyá bí àwa méjèèjì ṣe rí nìyẹn. Bóyá omi kan náà ni wọ́n fi fọ̀ wá.

Ṣùgbọ́n mi ò ní tẹ́ aṣọ tábìlì náà. Bí ọ̀gá mi bá gbọ́, iṣẹ́ mi ti lọ nìyẹn, ibi kan ṣoṣo tí mo ṣì ti ń wọ ilé Ìyá nìyẹn sì lọ. Àmọ́ kì í ṣe torí ìyẹn. Tí mo bá ṣe é, mo mọ̀ pé á dùn mọ́ mi. Ẹ ó jókòó sẹ́nu fèrèsé, Graciete á ya ẹnu, ẹ ó wò mí pẹ̀lú ojú ẹni tó mọ̀, èmi náà á wò yín. A ó padà sídìí kíkọ̀wé. Ẹ ó máa kọ ọ́ pé mo ṣe oríire, èmi á máa kà á láti ìparí, títí ọ̀kan nínú wa fi máa kú. Ó ti rẹ̀ mí.

Mo ti bẹ Ludovina tí a jọ ń ṣiṣẹ́, òun ló máa tẹ́ ibùsùn wọn dípò mi lọ́la. Gbogbo ọjọ́ náà jẹ́ tiyín títí ọkọ̀ yín á fi ṣí, bí ẹ bá fẹ́ ẹ. A lè gun Graça. A lè gba ibojì Ìyá lọ, ìwé Graciete kò mọ ibẹ̀.

Mi ò tíì mọ̀ bóyá mo ní ìgboyà. Ẹ mọ̀ mí, mo lè dé ẹnu ọ̀nà kí n tún yí padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ lè mọ̀ pé mo ti sọ ọ́. Lọ́la, ní aago mẹ́jọ àárọ̀, màá gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọ hòtẹ́ẹ̀lì yín. Màá kí àwọn ọ̀rẹ́ yín, màá sì sọ fún wọn lójú yín pé ilé àlejò ni ilé wa, èmi ni mò ń fọ aṣọ ibẹ̀. Lẹ́yìn náà màá dákẹ́, kí ẹ̀yin náà sọ tiyín.

Zulmira